Àbúrò mi ní Toledo fẹ́ máa so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbàdí ní gbangba: ṣé ọlọ́pàá ò ní mú un?

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àbúrò mi kan tó jẹ lótìrì Amẹ́ríkà ń gbé ní Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio. Green card ló ní, kò tíì di ọmọ onílùú. Ó fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan, ó sì fẹ́ máa so ó mọ́ ìbàdí níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa rí i. Ó ní òfin ibẹ̀ fàyè gbà á, kò sì sí ìwé àṣẹ tó nílò.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n là mí lọ́yẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá kan níbẹ̀ gan-an ò mọ òfin ìbọn, pé wọ́n máa ń dá ẹni tí kò ṣẹ̀ dúró. Tí wọ́n bá dá a dúró, kí ni kó ṣe, kí ni kó má ṣe? Tó bá sì ń bọ̀ wálé lọ́dún, ṣé ó lè gbé e wá? Ó ní àwọn ọdẹ wa náà ń gbé ìbọn kọ́ èjìká kọjá láàárín ọjà, ẹnikẹ́ni ò sì mú wọn.

Lọ́yà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ọmọ Ìdẹ́nà, ẹ kú àlàyé. Ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn la ó kọ́kọ́ wò ká tó dé orí ìbọn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àlejò, ní ìbọn lọ́wọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ ní ìpínlẹ̀ kan. Ẹni tó ní green card ò sí lára wọn, ó lè rà á bí ọmọ onílùú. Ṣọ́ọ̀bù tó ní àṣẹ ò ní ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21. Yóò kọ fọ́ọ̀mù 4473, yóò kọ nọ́ńbà tó wà lórí green card rẹ̀ sí i, yóò mú káàdì ìdánimọ̀ jáde, wọn yóò sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó gbé ìbọn fún un. Àdírẹ́sì orí káàdì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó ń gbé lónìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé, tí kò tíì yí i padà, máa ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Fọ́ọ̀mù náà tún ń bèèrè nípa igbó mímu. Ohio fàyè gba igbó fún àgbàlagbà láti December 2023, ṣùgbọ́n lójú ìjọba àpapọ̀, igbó ṣì jẹ́ èèwọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, ẹni tó bá sì purọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó tó fi ẹni sẹ́wọ̀n.

Ní ti gbígbé e ní gbangba, òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ó ti pẹ́ tí Ohio ò ti bèèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn tí ojú ń rí. Ìbọn abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń bèèrè ìwé àṣẹ fún tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà sì yí padà ní ọjọ́ 13 oṣù June 2022: ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin ò sì dí lọ́wọ́ láti ní ìbọn, lè fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ láìgba ìwé kankan.

Síbẹ̀ náà, èmi á ní kó lọ gba ìwé àṣẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tí kò fẹ́ ìbọn láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1000 sí ilé ẹ̀kọ́, bíi mítà 305. Ẹ wo ìlú kan bíi Toledo, ẹ wo iye ilé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹni tó rin òpópónà mẹ́ta á ti wọnú rẹ̀. Ẹni tí ìpínlẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ ni òfin yẹn yọ sílẹ̀. Ẹni tí ìpínlẹ̀ kàn sọ fún pé kò nílò ìwé kò sí lára àwọn tó yọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo pé ìwé àṣẹ ti di ohun àtijọ́ ni kò mọ̀ èyí. Ọ̀dọ̀ sheriff, olórí agbófinró àgbègbè, ni wọ́n ti ń gbà á; ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́jọ ni, ó kéré tán wákàtí méjì nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí pápá pẹ̀lú ọta gidi, ìwé náà sì ń lò fún ọdún márùn-ún.

Ní ti ọlọ́pàá tí kò mọ òfin, Toledo tí àbúrò yín ń gbé yẹn gan-an ni ẹjọ́ tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. June 2010 ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Northrup ń rìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ajá wọn, ìbọn wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí rẹ̀. Ẹni kan tó gun alùpùpù kọjá bínú, ó pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ó yọ ìbọn náà kúrò ní ìbàdí ọkùnrin náà, ó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́, ó sì tì í mọ́nú ọkọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n jù ú sílẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n sì fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ọkùnrin náà gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń bójú tó Ohio, Michigan, Kentucky àti Tennessee dá ẹjọ́ Northrup pé níbi tí òfin bá ti fàyè gba ìbọn ní gbangba, kí ọlọ́pàá kàn rí ìbọn ò tó ìdí láti dá ènìyàn dúró tàbí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé bí aráàlú ò bá lè sọ pé òun ò mọ òfin, ọlọ́pàá náà ò lè sọ ọ́.

Ẹ wo ọdún tó wà láàárín: 2010 sí 2015. Ẹ̀tọ́ náà dé, ó pẹ́ kó tó dé.

Abẹ́ Ọ̀pẹ (Columbus, ọmọ Sakété)

Lọ́yà ti la ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó jẹ́ ti ojú títì kún un.

Àkọ̀ ìbọn lẹ́ẹ̀kíní. Ìbọn tó wà ní gbangba yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ aṣọ, nítorí ọwọ́ ẹlòmíì lè dé ibẹ̀. Nínú ìlà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ lè fà á yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí àkọ̀ náà bá jẹ́ aláṣọ tàbí èyí tó ṣí sílẹ̀ tí kò ní ìdè. Kó ra èyí tó le, tó bo ibi tí ìka ń fà mọ́lẹ̀ pátápátá, tó sì ní ìdè tí àtàǹpàkò ẹni tó so ó nìkan lè tẹ̀ láti ìhà ara. Bẹ́líìtì rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ nípọn; bẹ́líìtì ṣòkòtò ìsinmi máa ń ká mọ́ra, ìdí ìbọn á wá máa rọ̀ síta. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni kó wà bó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kó má wà lẹ́yìn ìdí. Tó bá ti wọ inú àkọ̀, kó má tún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń tún ìbọn ṣe ṣáá ní ìbàdí lójú ọjà ló ń mú kí wọ́n pe ọlọ́pàá, ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ọlọ́pàá bá wá bá a lórí ìrìn, kó dúró, kó na ọwọ́ méjèèjì kúrò lára, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síta. Kó má ṣe bọ ọwọ́ sí àpò láti mú káàdì láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, pàápàá bí àpò náà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìbọn. Àpò káàdì gbọ́dọ̀ wà ní òdì kejì, kí èyí má di ìṣòro rárá. Kó bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá òun lè máa lọ. Bí ọlọ́pàá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa lọ. Bó bá ní rárá, ó ti di ìdádúró nìyẹn, kó má jà á. Òfin Ohio gba ọlọ́pàá tó ní ìfura tó yẹ láàyè láti bèèrè orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí. Kò ju mẹ́ta yẹn lọ. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ gba ìbọn náà, kó sọ pé òun ò fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kó dúró bí òpó. Kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ fún un láé, bí ọlọ́pàá bá tilẹ̀ ní kó yọ ọ́: kó ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ ọ́ fúnra yín.» Ọwọ́ tó bá ti kan ìbọn níwájú ọlọ́pàá tí ẹ̀rù ń bà, ikú ló ń wá.

Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Kó sọ gíláàsì kalẹ̀, kó tan iná inú ọkọ̀ bó bá di alẹ́, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí ìdarí ọkọ̀, kó má sì bọ́ sílẹ̀. Ṣáájú 2022, ẹni tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ fún ọlọ́pàá pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Nísinsìnyí, ìgbà tí ọlọ́pàá bá bèèrè ni dandan. Àwọn ọlọ́pàá kan ṣì ń rò pé ti àtijọ́ ló wà, nítorí náà kó má bá wọn jiyàn lójú ọ̀nà. Kó dáhùn, kó sọ ibi tó wà.

Tántí Pọ́bẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú o. Bí òfin bá ti gbà kó fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ láìgba ìwé, kí ló wá ń gbé e síta fún? Ta ló fẹ́ dẹ́rù bà?

Abẹ́ Ọ̀pẹ (Columbus, ọmọ Sakété)

Tántí, ẹ ṣeun. Àwọn tó fẹ́ràn gbangba máa ń ní ó yá láti fà yọ, kì í gbóná, aṣọ ò sì ní máa há mọ́ ọn. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó wà lóko tàbí nínú igbó ọdẹ. Nínú ìlú, mi ò rí èrè rẹ̀. Olè tó bá fẹ́ jà yóò kọ́kọ́ wo ẹni tó ní ìbọn, yóò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tó sì pe ọlọ́pàá kì í sọ fún wọn pé ọkùnrin kan wà tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. «Ọkùnrin kan gbé ìbọn» ló máa ń sọ. Ohun tí ọlọ́pàá náà gbọ́ nìyẹn, òun ló sì gbé dé ibẹ̀. Ẹ sì rántí pé aláwọ̀ dúdú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn Faransé ni àbúrò yìí.

Lọ́yà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Mo fara mọ́ Abẹ́ Ọ̀pẹ, mo sì fẹ́ fi ìdí òfin tì í lẹ́yìn, kí ọmọ náà má fi ẹjọ́ Northrup ṣe asà.

Ilé ẹjọ́ kan náà yẹn ti dá ẹjọ́ míì lọ́nà òdì ní 2012, ẹjọ́ Embody, láti Tennessee. Ọkùnrin náà wọ aṣọ ológun lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba kan lẹ́bàá Nashville, ó gbé ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ṣe bí AK-47 kọ́ ẹ̀yìn, ó sì kun ẹnu ìbọn náà ní àwọ̀ ọsàn bí ìbọn ìṣeré ọmọdé. Ìbọn ìléwọ́ ni òfin gbà níbẹ̀. Ọ̀pá ìbọn tirẹ̀ sì fi ìdajì ínṣì péré kúrú sí ínṣì 12 tí òfin fi ya ìbọn ìléwọ́ sọ́tọ̀. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà jàre láti dá a dúró kó sì wọ̀n ọ́n, nítorí ìbọn náà àti ìmúra rẹ̀ tó ohun tí ènìyàn lè fura sí. Ìbọn kékeré lásán nínú àkọ̀ ní ìbàdí ni Northrup dáàbò bò, kì í ṣe ìbọn tí ń pe ara rẹ̀ níjà.

Èkejì: ní 2014, nínú ẹjọ́ Heien láti North Carolina, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ọlọ́pàá bá ṣi òfin gbọ́ ní ọ̀nà tó mọ́gbọ́n wá, ìdádúró tó ṣe lè dúró. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn dá lé. Ohun tó mú Northrup yàtọ̀ ni pé òfin Ohio hàn kedere, kò sí àyè àṣìgbọ́. Ní ìpínlẹ̀ tí òfin rẹ̀ bá lọ́jú pọ̀, ọlọ́pàá lè mú àṣìgbọ́ rẹ̀ jẹ. Ẹ tún wo Philadelphia ní 2011: òfin ìgbà náà gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ láàyè láti gbé ìbọn ní gbangba nínú ìlú, ọkùnrin kan sì ní ìwé rẹ̀, síbẹ̀ ọlọ́pàá dojú ìbọn kọ ọ́, ó ń sọ pé òfin ò gbà á.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù, òun sì ni ẹ ó sọ fún un lákọ̀ọ́kọ́. Ọmọ onílùú tí wọ́n bá dá lẹ́bi lórí òfin ìbọn yóò san owó tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n, yóò sì padà sílé rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ní green card, ìdálẹ́bi lórí òfin ìbọn, kékeré tàbí ńlá, ìgbàkigbà tó bá ṣẹlẹ̀, jẹ́ ìdí tí wọ́n lè fi lé e kúrò ní Amẹ́ríkà. Lọ́yà ẹ̀sùn ọ̀daràn tí kò mọ òfin àlejò lè ní kó gbà pé òun jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí, kó wá jẹ́ pé bó ṣe pàdánù green card nìyẹn. Bí ẹ̀sùn bá jáde, kó wá lọ́yà tó mọ òfin àlejò kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Michigan ńkọ́? Toledo wà lẹ́nu ibodè rẹ̀ gan-an, ènìyàn lè kọjá láìmọ̀. Níbẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ò gbọ́dọ̀ fi ìbọn ìléwọ́ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀: kó yọ ọta, kó fi í sínú àpótí títì, kó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Michigan gba ìwé àṣẹ tí Ohio fún ará ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ìbéèrè. Ohio àti Michigan, odò kékeré kan kò sí láàárín wọn, òfin méjì ni.

Ọdẹ Sábẹ

Ẹ kúulé o. Ti àwọn ọdẹ tí ọmọ náà fi ṣe àpẹẹrẹ, mo fẹ́ tún un ṣe.

Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, kò sí òfin tó ní kí ènìyàn máa gbé ìbọn bó ṣe wù ú. Ìwé méjì ló wà tí ọ̀pọ̀ ń dà pọ̀. Àṣẹ láti ní ìbọn, ti ìjọba ni. Pẹ̀mí ọdẹ, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni, lábẹ́ òfin ẹranko igbó 2002-16 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù October 2004. Ẹni tó ní ọ̀kan tí kò ní èkejì ò tíì pé. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ nílé, ìbọn ni lójú òfin, bó ti wù kó ti ọwọ́ bàbá ńlá wá. Pé wọn ò mú bàbá kan tó ń ti oko bọ̀, àánú ni, tàbí kí ọlọ́pàá ọ̀hún jẹ́ ọmọ àdúgbò. Láti January 2018 tí wọ́n ti da ọlọ́pàá àti jàǹdáámù pọ̀ di Police Républicaine, ẹni tó wà lẹ́nu ibodè lè jẹ́ ará Àtàkóòrà tí kò mọ̀ yín rí. Láti ìgbà tí àwọn onísùnmọ̀mí ti ń kọlu àríwá, ìbọn lójú ọ̀nà lálẹ́ ti di ọ̀rọ̀ míì pátápátá.

Bí ọdẹ bá ń kọjá ibodè: kó yọ ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù kúrò, kó fi aṣọ di ẹnu ìbọn, bó bá jẹ́ ìbọn kalíbà 12, kó ṣẹ́ ẹ sí méjì kí ojú rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Kó sọ̀kalẹ̀ lórí sẹmíjàn tàbí ọ̀kadà rẹ̀ kó tó dé iwájú wọn. Ìwé méjèèjì wà nínú ọ̀rá, níta, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ àpò tó kún fún ẹran.

Kí ó má sì gbé e kọjá Ìlárá sí Ìmẹ̀kọ, bó ti wù kí ìbátan wa wà lódì kejì tó. Ìwé Bẹ̀nẹ̀ ò já mọ́ nǹkan ní Nàìjíríà. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ṣakabùlà wà ní ọ̀wọ́ kẹta, ìbọn ìléwọ́ sì wà ní ọ̀wọ́ kìíní, ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò ọta. Ẹ wo ibi tí ohun tí àbúrò yín so mọ́ ìdí bọ́ sí.

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu)

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Ó kù ẹyọ kan: ti gbígbé e wálé. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé òun lè fi í sínú àpótí títì, kí òun sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní kánńtà, ó tán.

Lọ́yà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ìyẹn jẹ́ fún ìrìn àjò láàárín Amẹ́ríkà: ìbọn tí ọta ò sí nínú rẹ̀, àpótí líle tí wọ́n tì, ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀, kó sì sọ ọ́ ní kánńtà. Bó bá ń jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, òfin ìkójáde wọn tún wà níwájú rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ náà wà lára àwọn tó wọnú àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù June 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù September 2009. Àdéhùn yẹn ka gbígbé ìbọn wọ ilẹ̀ wa léèwọ̀ àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí a ti gbà ṣáájú. Ìwé àṣẹ Ohio ò lè rọ́pò rẹ̀ ní pápákọ̀ Kútọnu. Ìbọn yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà yóò sì wà ní àtìmọ́lé, ìdálẹ́bi níhìn-ín sì lè di ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń wọlé padà pẹ̀lú green card.

Kó tì í mọ́nú àpótí irin ní Toledo kó tó kúrò nílé. Bó bá ní ẹni tó ń bá a gbé, kí kọ́kọ́rọ́ má wà lọ́wọ́ onítọ̀hún bí físà ìgbà díẹ̀ bá ni tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun náà ló ní ìbọn náà.